Kí A Gbóhùn Ìyá, Kí A Gbóhùn Ọmọ

Lọ́dún 1848, ogun Dàhòmì tí Ọba Gezo rán jáde ya wọ Òkè-Ọ̀dàn, ìlú kan ní ilẹ̀ Yewa. Wọ́n fọ́ ìlú, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ wọn. Ọmọdébìnrin kan tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ wà nínú àwọn tí wọ́n kó. Nígbà tó di ọdún 1850, Gezo fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ. Forbes gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọbabìnrin Victoria sì gba ìtọ́jú rẹ̀ kanrí. Sarah Forbes Bonetta ni ayé mọ̀ ọ́n sí: Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ tó gbé e. Ṣùgbọ́n ogun àti òkun kò gba orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó ń fẹ́ James Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní Brighton lọ́dún 1862, “Ina” ṣì wà lára orúkọ rẹ̀. Àìná ni.

Yorùbá tó bá gbọ́ Àìná ti mọ bí wọ́n ṣe bí ẹni náà. Ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni. Ìtàn kò fi orúkọ ìyá tó bí ọmọ yìí sílẹ̀ fún wa, kò sì dárúkọ ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí ojú wọn rí lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ náà, ní nǹkan bí ọdún 1843, kò sọnù. Orí ọmọ yọ, ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn, ọmọ sì yè é.

Àkọsílẹ̀ ìbí ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson to púpọ̀ nínú wọn sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí lọ́dún 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Ìgè mú ẹsẹ̀ wáyé. Àjàyí dojú bolẹ̀. Òkè wá nínú àpò tí kò bẹ́. Ọmọ́pẹ́ kọjá oṣù rẹ̀ nínú ìyá. Bí a bá ka orúkọ wọ̀nyí fún dókítà aláboyún lónìí, yóò mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tó máa ń mú kí òun túbọ̀ lajú sílẹ̀ nínú yàrá ìbímọ. Ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé lè há lórí. Ọmọ tó pẹ́ jù nínú lè máà rí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tó mọ́ láti ara ibi ọmọ. Ìwọ́ tó wé mọ́ ọrùn wọ́pọ̀ gan-an. Nínú ọmọ márùn-ún tí a bá bí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan yóò gbé e kọ́rùn. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní í rí ewu kankan, ṣùgbọ́n bó bá fún jù tàbí tí ìrọbí bá fà á, ọkàn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ohun kan wà tí àwọn orúkọ yìí kò lè ṣe. Ẹ̀yìn ìbí ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, nígbà tí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè tó ń ja àwọn agbẹ̀bí láyà ni ti wákàtí tó ṣáájú: báwo ni ọmọ ṣe wà nínú nísinsìnyí, nígbà tí ilé-ọmọ ń fún un, tí a kò lè rí i, tí kò sì lè ké? Àdúrà tí àwọn èèyàn wa ń gbà fún obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ mú ìbéèrè náà lọ́wọ́. Kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ohùn ìyá kò ṣòro gbọ́. Ti ọmọ ló gba ìran ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ọ kí ọmọ tó délẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ìyá agbẹ̀bí ìgbà náà kò ní ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí ìyá fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí ọlẹ̀ bá ti sọ nínú rẹ̀ ni yóò ti máa mọ bí ọmọ ṣe ń yí, tó ń ta ẹsẹ̀. Bí ọmọ tó máa ń yí tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́, ìyá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Títí dòní, kò sí dókítà tó gbọ́n tí yóò fojú di obìnrin tó bá wí pé, “Kò yí mọ́ láti àná.” Ohun kejì ni ọwọ́. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá orí ọmọ àti ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ikùn, á mọ̀ bóyá ó dorí kodò tàbí ó dábùú. Ohun kẹta ni omi. Bí omi bá ya tó mọ́, ọkàn á balẹ̀. Bí ó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tó sì nípọn, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú omi nìyẹn. Ọmọ tí afẹ́fẹ́ kò dé ara rẹ̀ tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó pẹ́ nínú lè ṣe é láìsí ewu.

Wọ́n ní àbíwẹ́rẹ́ fún ìyá kí ìkúnlẹ̀ má baà le. Wọ́n ní omi tútù tí wọ́n ń ta sí ọmọ tó bọ́ sílẹ̀ tí kò ké, wọ́n sì ń gbá a nídìí kí ó lè mí. Láàárín àwọn méjèèjì, láti ìgbà tí omi ti ya títí ọmọ yóò fi délẹ̀, ìdúró pẹ̀lú àdúrà ló pọ̀ jù. Bí ọmọ bá kú ní wákàtí yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tó kú. Ẹlòmíràn á ní abíkú ni, ẹlòmíràn á ní ayé ló ṣe é, ìyá rẹ̀ á sì gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ rù.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni wọ́n ń lò, ojú ni wọ́n ń lò. Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1816, nígbà tí dókítà René Laennec ń tọ́jú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ní àrùn ọkàn. Ojú ń tì í láti gbé etí lé àyà ọmọbìnrin náà, ó bá ká ìwé pọ̀ yípo, ó fi ẹnu kan lé àyà, ó fi etí lé ẹnu kejì. Ohun tó gbọ́ ṣe kedere ju ti etí lásán lọ. Bí stethoscope ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 1818, oníṣẹ́ abẹ kan ní Geneva, François Mayor, gbé etí rẹ̀ lé ikùn aboyún, ó sì kéde pé a lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá ọmọ wà láàyè tàbí kò sí. Ní ọdún 1821, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Kergaradec fi irin iṣẹ́ Laennec sórí ikùn aboyún. Ìró omi tí ọmọ ń wẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń wá. Dípò rẹ̀, ó gbọ́ ohun kan tó ń dún bí aago àpò, ó ń yára, kò sì dúró. Ó ka ìlùkìkì ọwọ́ ìyá, ó rí i pé ti inú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkàn ọmọ ni òun ń gbọ́. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kó Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, lẹ́rú, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther lẹ́yìn ọ̀la.

Kergaradec béèrè ohun tó ṣe kókó: ǹjẹ́ bí ìró yìí ṣe ń lágbára tàbí tó ń rẹ̀yìn kò lè sọ fún wa bí ara ọmọ ṣe le sí? Evory Kennedy dá a lóhùn láti Dublin. Ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ tí wọ́n ń pè ní Rotunda ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ó ti fetí sí ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń rọbí. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1833, ó kọ ọ́ pé ọkàn ọmọ tó bá rọ lẹ́yìn tí ìrora kọjá, tó sì pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò, ń kéde ewu. Ọdún márùndínlógún lẹ́yìn ìwé yẹn ni wọ́n fọ́ Òkè-Ọ̀dàn.

Ohun tí Kennedy gbọ́ ní ìdí. Inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ọmọ ti ń rí ọ́síjìn gbà, ibi ọmọ ló sì ń bá a gbà á. Nígbàkígbà tí ilé-ọmọ bá sún kì, ó máa ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ibi ọmọ pa, ọ́síjìn á sì dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ le ní ìpamọ́ tó fi ń dúró de ìgbà tí ilé-ọmọ yóò dẹ̀. Ọmọ tí ìpamọ́ rẹ̀ ti tán kò lè fara dà á. Ọkàn rẹ̀ á rọ, bí ìrora ti ń lọ ni yóò túbọ̀ máa rọ, yóò sì pẹ́ kó tó gbé ara rẹ̀ sókè. Bí èyí bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, ọpọlọ ọmọ ló wà nínú ewu. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kàn gbọ́ ọkàn ọmọ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, tó wí pé “ó ń lù,” kò tíì ṣiṣẹ́ náà. Ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé ìrora gan-an ló ń sọ òtítọ́.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iye tó yẹ kí ọkàn ọmọ máa lù ti di ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ará Jámánì kan, Franz von Winckel, gbé 120 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan kalẹ̀ lọ́dún 1893. Lónìí, 110 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1895, Adolphe Pinard, ọ̀jọ̀gbọ́n aláboyún ní Paris, gbé irin iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde: ìwo kékeré kan tó ní ihò láàárín, ẹnu rẹ̀ kan gbòòrò, ẹnu kejì tẹ́ pẹrẹsẹ fún etí. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é, lẹ́yìn náà alumíníọ̀mù àti rọ́bà. Kò lo bátìrì, kò lo iná. Ó wọ inú àpò aṣọ nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn jẹ́jẹ́. Ní apá kan, ó bá ohun tó tẹ́jú, tó gùn, tó sì le díẹ̀: ẹ̀yìn ọmọ nìyẹn. Ní apá kejì, ó bá kókó kókó: ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó gbé ẹnu gbòòrò ìwo lé apá ẹ̀yìn náà, ní ìsàlẹ̀ ìdodo ìyá bí ọmọ bá dorí kodò. Ó kọjú sí ọ̀nà ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó fi etí tẹ ìwo mọ́lẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá, torí pé ọwọ́ tó bá ń ha á yóò bo ìró ọkàn mọ́lẹ̀. Ìka rẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ ìyá, kí ó má baà ka ọkàn ìyá mọ́ ti ọmọ. Ojú rẹ̀ wà lára aago. Ìrora dé, ìrora lọ. Ó kà fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ọgọ́fà ó lé mẹ́rìndínlógún: 136. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ wà pa.

Ọdún tí ìwo Pinard jáde ni ìjọ Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, Abẹ́òkúta, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ilé ìwòsàn tó dàgbà jù lọ ní Nàìjíríà. Àlùfáà Faransé kan, Jean-Marie Coquard, ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún 1933. Àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yewa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilé kan tí wọ́n lè gbé obìnrin lọ bí ìrọbí bá dojú rú.

Ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù August 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti bára wọn mu lórí ààlà. Ìlaró, Òkè-Ọ̀dàn àti Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì; Kétu àti Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ẹbí kan náà, èdè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ agbẹ̀bí gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní apá Faransé, iléèwé ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dakar lọ́dún 1918 ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin láti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé, títí kan Dàhòmì, ní iṣẹ́ agbẹ̀bí, tó sì ń rán wọn padà sí ìlú. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1930 ló fi ìdí Ìgbìmọ̀ Agbẹ̀bí múlẹ̀ láti máa dán wọn wò, kí wọ́n sì forúkọ wọn sílẹ̀. Ní Èkó, ilé ìwòsàn Massey Street di ibi tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ìbímọ. Ibẹ̀ ni Elizabeth Awoliyi, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì jẹ́ olórí rẹ̀ láti 1960 títí di 1969.

Bí iléèwé ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn agbẹ̀bí tó gba ìwé ẹ̀rí ń dé àwọn ìlú kéékèèké. Ìwo náà ń bá wọn lọ. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì, ṣí lọ́dún 1957, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìmọ̀ ìbímọ ilẹ̀ wa sílẹ̀ fúnra wọn. Ìwé J. B. Lawson àti D. B. Stewart lórí ìbímọ ní ilẹ̀ olóoru jáde lọ́dún 1967, ó sì di ìwé tí wọ́n ń kà káàkiri Áfíríkà. Ìṣòro tí wọ́n ń bá pàdé kò yí padà: àwọn obìnrin tí ìrọbí ti mú fún ọjọ́ méjì, tí wọ́n gbé dé nígbà tí ọkàn ọmọ kò lù mọ́.

Inú irú ìṣòro yìí ni ohun tó tún iṣẹ́ náà ṣe ti jáde, Áfíríkà ló sì ti jáde. Ní ìlú tí à ń pè ní Harare lónìí, Hugh Philpott àti William Castle ń wá bí àwọn agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀yìn odi ṣe lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lọ́dún 1972, wọ́n gbé bébà kan jáde. Wákàtí ìrọbí ló wà lórí ìlà ìsàlẹ̀. Bí ẹnu ilé-ọmọ ṣe ń ṣí ló ń gun òkè. Wọ́n fa ìlà ìkìlọ̀ kan sí i, wọ́n sì fa ìlà ìgbésẹ̀ sí i ní wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ìlà àkọ́kọ́, kí wọ́n gbé e lọ. Ẹni tó bá kan ìlà kejì, kí dókítà ṣe nǹkan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ bébà yìí di ti gbogbo ayé ní nǹkan bí ọdún 1988. Partograph ni àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè é. Ọkàn ọmọ ló wà ní òkè pátápátá, àmì kan ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lábẹ́ rẹ̀, ilé kékeré kan wà fún omi: C bó bá mọ́, M bí ọmọ bá ti yàgbẹ́ sí i, B bó bá ní ẹ̀jẹ̀, I bí àpò kò bá tíì bẹ́. Ohun tí ìyá agbẹ̀bí àtijọ́ ń fi ojú wò ti wọ inú ìwé. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára obìnrin 35,484 ní Indonesia, Malaysia àti Thailand, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1994, ìrọbí tó kọjá wákàtí méjìdínlógún dín láti 6.4 sí 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ tí wọ́n bí ní òkú sì dín láti 0.5 sí 0.3.

Àwọn ilẹ̀ olówó gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 1958, Edward Hon ní Yale fi iná mànàmáná gba ọkàn ọmọ sórí bébà. Roberto Caldeyro-Barcia ní Uruguay àti Konrad Hammacher ní Jámánì bá a gbé iṣẹ́ náà síwájú, nígbà tó sì fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ikùn aboyún ti dé ọjà. Ní Berlin, Erich Saling tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti awọ orí ọmọ tó ṣì wà nínú, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ti kan nítorí àìtó ọ́síjìn. Ìrètí pọ̀. Wọ́n rò pé bí etí ẹ̀rọ kò bá kúrò lára ọmọ, kò ní í sí ọmọ tí yóò kú sí wọn lọ́wọ́ mọ́.

Dublin, ìlú Kennedy, ló tún fèsì. Ní ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ kan níbẹ̀, wọ́n pín obìnrin 12,964 sí ọ̀nà méjì, ẹ̀rọ fún àwọn kan, ìwo àti etí fún àwọn kan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1985. Iye ọmọ tó kú kò yàtọ̀. Gìrì tó ń mú ọmọ tuntun dín kù sí ìdajì ní ọ̀dọ̀ àwọn tó lo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, iye àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa kò yàtọ̀ rárá. Ìwádìí mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ ń mú kí iṣẹ́ abẹ pọ̀ sí i. Ohun kan wà nínú ìwádìí Dublin tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò ìlera nílẹ̀ wa tún kà: obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń rọbí níbẹ̀ ní agbẹ̀bí tirẹ̀ tó dúró tì í. Etí tí wọ́n fi díje pẹ̀lú ẹ̀rọ jẹ́ etí tí kò lọ síbì kan.

Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé wí i gbangba pé kí wọ́n má so ẹ̀rọ mọ́ obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí ìrọbí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Pinard tàbí Doppler, ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ, ti tó. Doppler yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè ní Sonicaid. Kí wọ́n gbọ́ ọkàn ọmọ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Bí ìyá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ, ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ti ṣe Doppler kan tí a ń fi ọwọ́ yí láti fún un ní iná, fún ibi tí iná ìjọba kò ti ṣeé gbára lé.

Ọmọ Nàìjíríà ló wà nídìí ìyípadà mìíràn tó bá a rìn. Dókítà Olufemi Oladapo, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kó tó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ló darí ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn mẹ́tàlá ní Nàìjíríà àti Uganda. Nínú àwọn obìnrin 5,606 tí wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n rí i pé ẹnu ilé-ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣí tó sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan bí ìlà ọdún 1972 ṣe retí, síbẹ̀ wọ́n bímọ láyọ̀. Bébà tuntun tí Àjọ náà gbé jáde lọ́dún 2020 yọ ìlà náà kúrò. Ó sì fi àyè kan sí i fún ohun tí bébà àtijọ́ kò béèrè: ṣé obìnrin yìí ní ẹnì kan tó jókòó tì í? Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́.

Gbogbo ìmọ̀ yìí ti wà. Kò wọ́n, kò sì ṣòro kọ́. Síbẹ̀, nínú àkójọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbí ló wáyé ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ọmọ 39 nínú ẹgbẹ̀rún tí wọ́n bí láàyè ni kò sì pé oṣù kan. Ní gbogbo ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì ọmọ tí à ń bí ní òkú lọ́dọọdún, ó sì ju ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ tó jẹ́ pé àárín ìrọbí ni wọ́n kú. Àwọn ọmọ tí etí lè gbà là pọ̀ nínú wọn.

Ní ilẹ̀ Yewa, obìnrin tó ń rọbí lóru ní ju ọ̀nà kan lọ níwájú rẹ̀. Ilé ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ wà. Ilé agbẹ̀bí inú ṣọ́ọ̀ṣì wà, níbi tí àdúrà kì í ti í dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Ibùdó ìlera ìjọba wà, bí wọ́n bá bá ènìyàn níbẹ̀. Kò dára kí a máa bú obìnrin tó bá yan ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀yàyà gbà á. Ohun tó yẹ ni kí etí tó mọ ọkàn ọmọ wà níbikíbi tó bá yàn, kí ẹni tó bá gbọ́ ohun tí kò dára má ṣe pẹ́ kó tó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Fún ará Òkè-Ọ̀dàn, Ìlaró ni ìyẹn. Yorùbá ní orúkọ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò dé ibi tó ń lọ: Abíọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ìrọbí àkọ́bí lè gba wákàtí méjìlá láti ìgbà tó bá ti gbóná. Bí wọ́n bá ń gbọ́ ọkàn ọmọ ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún nìyẹn kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ. Bí ó bá tì í fún wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀méjìlá mìíràn nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè ṣe é fún obìnrin kan. Bí obìnrin méjì bá ń ti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀kẹta sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò lè ṣe é mọ́, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Òkè-Ọ̀dàn bá tún pàdé pẹ̀lú àwọn aṣojú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, ìbéèrè wà tó yẹ kí wọ́n gbé kalẹ̀, kí wọ́n sì dúró gba èsì rẹ̀. Agbẹ̀bí mélòó ló ń sun ibi iṣẹ́ lóru? Pinard mélòó ló wà nílé, ta ló sì ti kọ́ àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn ìyá inú ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ṣe ń lò ó? Ọkọ̀ wo ni yóò gbé obìnrin lọ sí Ìlaró ní aago méjì òru tí ọkàn ọmọ bá rọ sí 90, nọ́ńbà awakọ̀ rẹ̀ dà, ta sì ni yóò gbé fóònù ní Ìlaró kí wọ́n lè ti ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ dè é?